Mo Mú Àwọn Ará Pọ́tákọ́ọ̀tù Lọ Wo Omi Orí Àpáta

Ilé Adéyanjú,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì, 1988.

Olúrótìmí ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ò ń jẹun kánú? Ọlọ́run tí kì í sùn yóò máa ṣọ́ ọ ní Rumuomasi, ní Pọ́tákọ́ọ̀tù tí o wà, kò ní jẹ́ kí iléeṣẹ́ epo yẹn gbóná mọ́ ọ. Àmín. Ara mi le, àfi ọrùn ẹsẹ̀ tó wú díẹ̀, n óò sọ bó ṣe jẹ́.

Ní Sátidé tó kọjá ni ọkọ̀ kan gúnlẹ̀ síwájú ilé wa, èèyàn márùn-ún ló sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní láti Pọ́tákọ́ọ̀tù làwọn ti ń bọ̀. Mo sáré yẹ inú ọkọ̀ wò, mo rò pé o ti sùn lọ lẹ́yìn ni.

Serifat, olùkọ́ kan tó gbọ́ Yorùbá nínú wọn, ní omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta nínú igbó wa làwọn wá wò. Mo bi í bóyá omi ẹ̀rọ ti gbẹ ní Pọ́tákọ́ọ̀tù, ó ní rárá, wíwò lásán ni. Rótìmí, wọ́n rọ omi sínú ike dání lọ wo omi! Wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀nà. Láti ọdún mẹ́fà tí a ti sin bàbá rẹ, tí ìwọ náà sì ti padà síbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ṣán ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n mo ní èmi á mú wọn lọ, torí mo rò pé bí a bá jọ ń rìn, wọn á máa sọ̀rọ̀ rẹ fún mi.

Mo bi Augustine tó ń tẹ̀lé mi lẹ́yìn bóyá ó mọ̀ ọ́, mo ní ọmọ gíga kan ni, tó ní àpá lágbọ̀n. Ó ní òun “no sabi am.” Mo ní kì í ṣe Sàbí, Rótìmí ni. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rín in, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibi igi tí bàbá rẹ fi ṣe afárá ni ẹsẹ̀ mi ti yẹ̀, mo ní kò sí nǹkan kan, kí wọ́n má baà ní ká padà.

Nígbà tí a débẹ̀, Serifat yọ rédíò kékeré oníkásẹ́ẹ̀tì kan jáde, ó ní yóò gbé ohùn omi náà dé Pọ́tákọ́ọ̀tù. Mo ní bó bá lè gbé omi, á lè gbé èmi náà. Mo sún mọ́ ọn, mo kí ọ, mo bi ọ́ bóyá o ti jẹun, mo wá dákẹ́ kí o lè dáhùn. Mo dúró títí, omi nìkan ló ń hó. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni kò jẹ́. Serifat nu ojú, ó ní omi ló ta sí òun lójú, omi yẹn sì máa ń ta síni lójú lóòótọ́.

Wọ́n lọ nírọ̀lẹ́, mo dúró títí eruku ọkọ̀ wọn fi rọlẹ̀. Mo wọlé gbé iṣu kaná, mo ti se ti èèyàn mẹ́fà kí n tó rántí pé wọ́n ti lọ.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n fi ra oògùn ẹsẹ̀ àti bàtà kánfáàsì, torí wọ́n ní àwọn á tún wá nígbà ọdún Àjíǹde, mo sì ti ṣèlérí pé èmi náà ni n óò mú wọn lọ. Bá wọn wá. Bí iṣẹ́ ò bá jẹ́, bá mi wá ẹnì kan tó mọ̀ ọ́ dáadáa, kó bá wọn wá, kí n lè rí ẹni bi léèrè rẹ.

Ọ̀nà kò ní dí mọ́ ọ. O ò ní ṣìnà ilé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àkànkẹ́.