Ìlú Tí Wọ́n Ti Ń Kí Mi

Ràbíátù àbúrò mi,

Ṣé orúnkún ọkọ rẹ ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le koko. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí Modúpẹ́ ọmọ mi ń ṣe kì í jẹ́ kí n rí i nílé ní Beltsville, Amẹ́ríkà níbí.

Mo lọ kí Ọpẹ́ ọmọọmọ mi ní ìlú kékeré kan ní Ohio. Gbogbo ẹni tó bá wakọ̀ kọjá ló ń juwọ́ sí mi. Lọ́jọ́ tí mi ò jáde, Anna ará ilé kejì gbé ọbẹ̀ wá: "Màmá, a ò rí yín lónìí!"

Ibẹ̀ ni mo ń kó lọ. Modúpẹ́ ní, "Màmá, kò sí Yorùbá kankan níbẹ̀." Mo ní, "Èmi ńkọ́?"

Ọlọ́run á dá wa sí. Ohio ni kó o fi èlùbọ́ mi ránṣẹ́ sí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Morọ́láyọ̀