Àbẹ́là Tí Mo Lọ Rà Nígbà Tí Iná Kú

Àkọ́bí mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ẹsẹ̀ tí o fi ń gun àkàbà kì í dùn ọ́? Ẹni tó gbé ọ gòkè kò ní já ọ sílẹ̀ o. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Atẹ́gùn ṣí páànù ilé ìdáná, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, bàbá rẹ ń kí ọ, ó ní kí n má kọ ọ́ gùn.

Ọjọ́ tí èmi àti àbúrò mi káfíńtà wá wo eré níbi iṣẹ́ rẹ ni kò jẹ́ kí n gbádùn. O ní ìwọ lo ń tanná fún àwọn òṣèré, mo sì rò pé wàá gbé àtùpà dání lórí pèpéle ni. Mo wò títí, mi ò rí ọ. Nígbà tí ibẹ̀ pọ́n yòò, mo ti bọ́ bàtà kí n lè sáré, àbúrò mi ló dì mí mú, ó ní o ti ṣàlàyé fún òun pé ọ̀rá pupa lẹ fi bojú iná. Èyí tó fẹjú, tó ń tàn bo gbogbo wọn bí oòrùn ọ̀sán, ìyẹn yé mi. Àwọn tó tò sílẹ̀ létí pèpéle, tó ń tàn sókè sójú baba arúgbó inú eré yẹn, wọ́n sọ ọ́ di òkú ọ̀run. Èyí tó rí roboto ló bí mi nínú, tó ń tọ ìyàwó ilé yẹn kiri, bó yà sọ́tùn-ún, iná náà á yà. Mo ní kí ló ṣe fún un? Àbúrò mi ní kí ojú wa má baà kúrò lára rẹ̀ ni.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, gbogbo ilé ṣókùnkùn biribiri. Àyà mi já. Mo ní iṣẹ́ ọmọ mi ti bàjẹ́, wọ́n á lé e. Mo fi báàgì sórí àga, mo sáré jáde, mo sọdá títì lọ ra àbẹ́là. Ìgbà tí mo dé, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní iná kò gbọdọ̀ wọlé. Mo ní ọmọ mi ló ni iná ibẹ̀. Ó ní bó bá ni ín, kí ló dé tí mo tún ń ra àbẹ́là fún un? Ibẹ̀ la wà tí èrò fi tú jáde.

Àbúrò mi ló sọ fún mi pé òkùnkùn yẹn kò pẹ́, pé ara eré ni, kí wọ́n lè ráyè pààrọ̀ àga. Ó ní wọ́n pè ọ́ jáde lẹ́yìn eré, gbogbo ilé dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. O ní ìyá rẹ wà níbẹ̀, kí wọ́n yí iná roboto yẹn sí i. Báàgì ni iná bá lórí àga. Ó ní o kàn rẹ́rìn-ín, o tẹrí ba, o sì wọlé padà.

O sìn wá dé ibùdókọ̀, o ní kò sí nǹkan, Màmá. Ọmọ mi, nǹkan wà. Ìyá tí wọ́n fẹ́ yẹ́ sí, ẹ̀ṣọ́ ló ń bá jà níta. Láti ìgbà náà, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n tún wá. Bó bá jẹ́ inú fóònù àbúrò mi lo fẹ́ fi í sí, rọra o, ojú fóònù náà ti sán, kí owó má baà já bọ́ lọ́nà. Bẹ́ ẹ bá pa gbogbo iná ayé, mi ò ní dìde. Màá jókòó títí wọn á fi gbálẹ̀.

Ìràwọ̀ rẹ kò ní wọ̀ọ̀kùn. Ibi tí wọ́n bá tún ti ń yẹ́ ọ sí, ojú mi á tó o.

Èmi ni, ìyá tó bí ọ.