Orúkọ Tí Ẹ Ó Fi Gbàdúrà fún Mi

Hamburg, 1993

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìrètí lẹ́tà mi. Ara mi le. Òtútù ibí kò tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo kàn ń wọ kóòtù sùn ni. Onílé mi tilẹ̀ kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Àwọn dókítà ti gbà láti ṣe iṣẹ́ abẹ tí mo bá yín sọ, èyí tí yóò mú ara mi bá obìnrin tí mo ti jẹ́ láti kékeré mu. Ó ku Krankenkasse, àwọn tó ń sanwó ìtọ́jú wa níbí. Bí wọ́n bá kọ̀, ibẹ̀ ló parí sí. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, dókítà tiwọn fẹ́ rí mi ní Berlin. Akọ̀wé wọn ń pè mí ní "Herr" lórí fóònù, bí wọ́n ṣe ń pe ọkùnrin. Mo rẹ́rìn-ín, kó má baà bínú sí fáìlì mi.

Mo mọ̀ pé ẹ ó gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí Wòlíì bá béèrè orúkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe Josiah. Phoebe tí mo ń jẹ́ báyìí kò sì tíì mọ́ yín lẹ́nu. Ẹ fi orúkọ tiyín pè mí: ọmọ Ìpàdéọlá. Ọlọ́run á mọ ẹni tí ẹ ń wí.

Ẹ bá mi kí Bùrọ̀dá Ọláṣẹ̀hìndé, bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́.

Èmi ni,
ọmọ Ìpàdéọlá