Ta Ni Bọ́ì ní Bọ́ìsì-Kọ́tà?

Àwòyè, etí òkun,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ọ̀wàrà, 1980.

Sí Olúgbémi ọmọ mi ní Wárí,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó mi Adébùkọ́lá, mo kí ọkọ mi Ọlágbénró, ọmọ ọmọ mi. Ṣé dáadáa lẹ wà? Olúwa tó kó yín kúrò ní Èkó tí ẹ fi gúnlẹ̀ sí Wárí láìfarapa kò ní fi yín sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ kò ní rí ìjà omi, ẹ kò ní rí ìjà iná, ilé tí ẹ ń wá kò ní di ilé ẹkún. Àmín. Bí o bá bèèrè mi, ara mi le, mò ń jẹun, mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ìwọ gan-an ni mo sì ń bínú sí. Tíṣà Adébáyọ̀ tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí ní kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé ná, bóyá ìbínú náà á rọlẹ̀. Ó dáa. Òkun tún ti bù lára ilẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ewúrẹ́ mi bí ìbejì, ọkọ̀ bàbá rẹ olóògbé ti ń jò, a sì ti dí i. Ìròyìn ilé parí. Ìbínú náà kò rọlẹ̀.

Lẹ́tà rẹ bá mi lọ́jà Igbókòdá, mo gbé e wálé kí Tíṣà lè kà á fún mi. O tún ní tiransifá ló gbé yín kúrò ní Èkó láàárín ọdún yìí. N kò mọ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n níwọ̀n bó ti gbé yín dé láyọ̀, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. O ní iléeṣẹ́ epo yín ní kí o mú àdúgbò kan nínú mẹ́ta kí oṣù yìí tó parí, kí n bá ọ fi àdúrà sí i. O dárúkọ Ovwian, níbi tí wọ́n ń kọ́ iléeṣẹ́ irin sí, o ní ariwo ibẹ̀ pọ̀. O dárúkọ Edjeba, o ní ṣọ́ọ̀bù àwọn aránṣọ àti àwọn tó ń tún rédíò ṣe ti fún mọ́ra jù níbẹ̀. O wá dárúkọ Ajamimogha, tí ẹ ń pè ní Jíáréè, o ní ibẹ̀ ló wù ọ́. Mo ti kúnlẹ̀, mo ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, kí Tíṣà tó ṣí ojú ewé kejì. Mo dìde.

O ní àdúgbò náà dákẹ́ rọ́rọ́ débi pé èèyàn kì í gbúròó aládùúgbò rẹ̀. Olúgbémi, ṣé o ń gbọ́ ara rẹ? Àwa níbí, bí ọmọ ẹnì kan bá húkọ́, gbogbo ìlà ilé wa la ti ń bèèrè pé ta ló ń húkọ́ yẹn. Ibi tí a kì í ti gbúròó èèyàn, itẹ́ òkú ni. O ní ìjọba ló ni ibẹ̀. Ìjọba náà, ṣé òun ni yóò bá yín gbé ọmọ pọ̀n bí ìyàwó mi bá lọ sọ́jà? O tún ní ẹ̀rọ kan wà lójú fèrèsé tó ń mú òtútù wọlé. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí! Nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, àdí ni mo fi ń lé òtútù kúrò lára rẹ, gèlè ọjọ́ ìsinmi mi ni mo fi dí ihò ara ògiri kí afẹ́fẹ́ òkun má bàa rí ọ, ìwọ wá ń sanwó iná kí òtútù lè wọlé wá bá ọmọ. Ta ló ṣe ọ́? Bí òtútù bá wù yín tó bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ọmọ náà wá sí Àwòyè lóṣù Òkúdù, ọ̀fẹ́ ni tiwa.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òtútù ló gbé mi dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ibi tí o ti kọ ọ́ pé kí n má ṣèyọnu ni, pé bí mo bá wá kí yín, ààyè mi ti wà ní bọ́ìsì-kọ́tà lẹ́yìnkùlé. Tíṣà fẹ́ fo ibẹ̀ kọjá, mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe sáré, mo ní kó padà. Mo ní kí ni bọ́ìsì-kọ́tà. Ó wúkọ́. Ó ní ilé kékeré kan ni, tí àwọn òyìnbó ayé ọjọ́un máa ń kọ́ sẹ́yìn ilé wọn kí kúùkù àti ọmọ ọ̀dọ̀ lè máa sùn síbẹ̀. Olúgbémi, èmi Jemima, tí mo fi ẹja yíyan rán ọ níléèwé títí o fi di ẹni tí iléeṣẹ́ epo ń fún ní mọ́tò, èmi lo sọ di bọ́ì! Inú lẹ́tà kan náà lo sì ti kọ ọ́ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì ló wà nínú ilé, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ó yé mi. Ṣáláńgá wà nínú ilé, ìyá wà lẹ́yìnkùlé. Tíṣà ní kí a má kọ èyí. Mo ní bí kò bá ní kọ ọ́, kó gbé bírò mi sílẹ̀.

Mo ti sọ ibi tó yẹ kí ẹ gbé fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Létí omi ni, lọ́dọ̀ àbúrò mi Adébímpé, láàárín àwọn ará wa tó ń pẹja ní Wárí. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé mi débẹ̀, ẹsẹ̀ ilé Adébímpé gan-an ni wọ́n sì ń so ó mọ́. O ní ilé orí òpó ni, o ní ẹ̀fọn pọ̀. Ilé orí òpó ni mo bí ọ sí, ẹ̀fọn kò gbé ọ lọ. Ní Ajamimogha, kí ni màá so ọkọ̀ mọ́? Mọ́tò rẹ? Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé tí ìwọ ń wò yìí, ìyá rẹ kò sí nínú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ó máa sọ fún ìyàwó rẹ pé màmá ti ń darúgbó, ìjà ló ń wá. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí gan-an. Lóṣù tó kọjá tí o gbé ọkọ mi wá kí mi nílé Adébímpé, mo gbé e lé itan, mo bi í pé ẹja wo ni kí n sè fún un. Ó wojú mi, ó ní ànọsàbí. Inú mi dùn, mo ní ọmọ yìí mọ ohun tó fẹ́. Mo gbé agbọ̀n, mo bá àwọn ẹlẹ́ja létí omi, mò ń bèèrè ànọsàbí, tútù ni o, yíyan ni o, kí wọ́n ṣáà tà á fún mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sómi. Adébímpé ló wá fà mí lọ́wọ́, ó ní èdè Wárí ni, ọmọ náà ní òun kò gbọ́ ohun tí mo ń sọ ni. Mo fi agbọ̀n bojú, mo sunkún. Ọmọ ọmọ mi, lórí itan mi, kò gbọ́ mi! Ìwọ sì wà níbẹ̀, ìwọ náà ń rẹ́rìn-ín. Ní Èkó, ẹ ní kó gbọ́ òyìnbó ná. Ní Wárí, ó ti kọ́ ti Wárí níléèwé jẹ́léósinmi. Tèmi nìkan ló ṣẹ́kù. Ní àdúgbò tí kò sí ohùn ẹnikẹ́ni, ta ni yóò bá a sọ ọ́, ẹ̀rọ òtútù?

Nígbà tí mo sọ ọ́ débẹ̀, Tíṣà gbé bírò sílẹ̀, ó fẹ́ pẹ̀tù sí mi lọ́kàn. Ó ní kí n gbàgbé ti ọmọ ọ̀dọ̀, pé nínú ìwé tí òun fi ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, ọmọkùnrin lásán ni bọ́ì. Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú. Mo rò ó. Bó bá jẹ́ ilé ọmọkùnrin ni, ọmọkùnrin wo ló wà nílé rẹ? Ìwọ ti di bàbá. Ọlágbénró nìkan ni. Ilé ọkọ mi ló wà lẹ́yìnkùlé yẹn! Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ láti òkè lẹ́tà rẹ? Obìnrin kì í dé ilé ọkọ rẹ̀ kó ní wọ́n fi ìwọ̀sí lọ òun.

Nítorí náà, mú Ajamimogha. Mò ń bọ̀ kí ọdún tó parí, n kò sì wá ṣe àlejò. Kó ẹrù ọmọ náà síbẹ̀ kí n tó dé. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, àti owó ẹní tó gba èèyàn méjì, àti owó aṣọ òtútù, nítorí n kò mọ bí òtútù yín ṣe ń rìn dé ẹ̀yìnkùlé. Má jẹ́ kó pẹ́. Mò ń kó ọ̀bọ̀kún yíyan bọ̀ fún un, kọ́ ọ ní orúkọ ẹja náà kí n tó gúnlẹ̀.

Olúwa yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ọmọ tí o bí yóò gbọ́ tìrẹ bí o bá dàgbà. Ìbínú mi kò tíì tán o, ṣùgbọ́n mo súre fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Jemima. Ojú ìka mi rèé.

Mo gbàgbé ọ̀kan, mo ní kí Tíṣà má tíì lẹ̀ ẹ́. Nínú ilé iwájú, èdè tó bá wù yín ni kí ẹ máa sọ. Ṣùgbọ́n bí ìwọ tàbí ìyàwó mi bá fẹ́ rí ọmọ yín, ẹ wá sẹ́yìnkùlé, ẹ kanlẹ̀kùn, kí ẹ kí wa bí wọ́n ṣe ń kí ará ilé. Ẹni tó bá fi òyìnbó kanlẹ̀kùn, èmi àti ọkọ mi yóò dá a lóhùn láti inú pé ànọsàbí.