Ohùn Màámi ni Mo Fi Bẹ Ṣọlá

Bọ̀dá Fẹ́mi,

Ẹ kú àjò Jọ́ọ̀sì, ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Ẹsẹ̀ Bàámi ti ń san.

Ẹ̀rọ AI tó ń dá oníbàárà Màámi lóhùn ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé sọ fún opó kan láti Ifisin, tó fẹ́ tẹ pósítà ìsìnkú, pé, "Ẹ kú oríire o!" Màámi bú Ṣọlá òṣìṣẹ́ wọn, bẹ́ẹ̀ Màámi fúnra wọn ló ní kó má yẹ èsì ẹ̀rọ náà wò mọ́. Ṣọlá bínú lọ.

Mo gbé fóònù Màámi, mo fi pe Ṣọlá, mo sín ohùn wọn jẹ: "Ṣọlá ọmọ mi, ẹ̀bi mi ni. Padà sẹ́nu uṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé." Ó ń bọ̀!

Ẹ tètè bẹ Màámi kí wọ́n sọ ọ́ fúnra wọn. Ọ̀gá tó gbé ẹ̀rọ wọlé ló ni àṣìṣe rẹ̀. Mi ò ní jẹ́ kí Ṣọlá lọ.

Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹ fi bàtà ránṣẹ́ o, tí Màámi bá gbọ́ ohun tí mo ṣe, ó lè di eré sísá.

Àbúrò yín,
Ìmísí