Ẹ̀rọ Tí A Kò Jẹ́ Kó Mí

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Kí n tó kí yín rárá: Màmá wà láàyè, ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí sì ti ń ríran. Ẹ kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ kí ẹ tó ka ìyókù. Ní báyìí, mo kí yín o. Mo mọ̀ pé òtútù erékùṣù yẹn kì í ṣe eré, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó wọ̀ yín lára. Ara tèmi le. Inú mi ni kò dára.

Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó oúnjẹ wá fún ẹ̀yin tí ẹ ń wo ojú ọjọ́ níbẹ̀ ni mo fi ìwé yìí rán, nítorí ampilifáyà, àpótí tó ń fi agbára kún rédíò wa, ti jóná. Láìsí i, ọ̀rọ̀ wa ò lè la òkun yẹn kọjá.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ ni Bàbá Kékeré ti sọ ara wọn di ọ̀gá yàrá rédíò. Ẹ mọ̀ wọ́n. Nítorí pé wọ́n ń tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe ní gbọ̀ngàn ìpàdé, wọ́n ní kí gbogbo ilé máa pe àwọn ní Ẹnjiníà. Ẹnjiníà tó ń fi ẹnu fẹ́ fíúùsì bí ẹni ń fẹ́ tíì gbígbóná! Ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ náà, Ọ̀RỌ̀ ẸNU WÁÀTÌ 600, KỌ̀ǸPÚTÀ WÁÀTÌ 200, Ẹ MÁ KỌJÁ BẸ́Ẹ̀, wọ́n já a, wọ́n fi nu ọwọ́ epo.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Màmá, mo sáré láti ilé ìwòsàn kí n lè bá aago márùn-ún tí a máa ń pe ara wa lórí rédíò. Mo tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú kọ̀ǹpútà, mo fi igba wáàtì rán an bí ẹ ti kọ́ mi, kọ̀ǹpútà sọ lẹ́tà di ohùn fèrè, ó ń fun ún lọ. Ẹ dáhùn pé ariwo pọ̀ lójú ọ̀run, lẹ́tà méjì mẹ́ta péré lẹ rí, kí n tún un rán. Ibẹ̀ ni ọwọ́ Bàbá Kékeré ti gba orí èjìká mi kọjá.

Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ ẹgbẹ̀ta lo ń lò ní igba? Ó ra bàtà tuntun, ó gbé e há abíyá, ó ń fẹsẹ̀ lásán rìn!" Mo ní, "Bàbá Kékeré, ti ọ̀rọ̀ ẹnu ni ẹgbẹ̀ta yẹn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á mí, ẹ̀rọ á sinmi láàrin ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Fèrè kọ̀ǹpútà kì í mí. Alárù tí kò rí ibi sọ ẹrù kalẹ̀ ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé makirofóònù: "Halo, halo, ení, èjì." Abẹ́rẹ́ mítà ń fò sókè, ó ń bọ́ sílẹ̀. "Ṣó jóná? Ọmọ tí kò parí ìwé ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí wọ́n tó bí i!"

Ọ̀rọ̀ ìwé yẹn gún mi. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo ní kí n kúrò nílé ẹ̀kọ́.

Wọ́n yí i dé ẹgbẹ̀ta, wọ́n ní kí n rán an. Abẹ́rẹ́ dìde, ó dúró gangan, kò bọ́. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí àpótí náà bí ẹ ti fi hàn mí: tí mi ò bá lè ka mẹ́wàá kí n tó mú un kúrò, kí n pa ẹ̀rọ. Mo ka mẹ́rin.

Ẹ̀gbọ́n mi, ibí yìí gan-an ni kí ẹ ti bínú sí mi. Mi ò pa á. Mo mú ọwọ́ kúrò, mo dákẹ́. Mo ní nínú ọkàn mi pé kó jóná, kí ojú ti Ẹnjiníà. Ẹ̀rín tilẹ̀ ń pa mí. Òórùn bí ike tó ń jó jáde, nǹkan kan dún "pà!" nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ ṣubú. Mo wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ wa dé: "WỌ́N TI ṢE IṢẸ́ ABẸ MÀMÁ TÁN ṢÙGBỌ́N". Ohun tó kù tí kò lọ ni pé Màmá ń ráhùn pé oúnjẹ ilé ìwòsàn kò níyọ̀.

Ẹ wo ọ̀sẹ̀ méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ẹ fi ń sùn ti "ṣùgbọ́n" kan ṣoṣo. Mo ti ń fojú tín-ín-rín Bàbá Kékeré láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni ẹ̀gàn gan-an, orí àga mi ló jókòó sí.

Gbogbo ilé ló ń bú wọn. Màmá fi ojú kan tó ṣí wò wọ́n, wọ́n ní, "Ẹnjiníà iná!" Ojoojúmọ́ ni Bàbá Kékeré ń tú àpótí náà, tí wọ́n ń sún imú mọ́ ọn. Èmi náà ń bá wọn bú wọn, ẹnu mi ò sì gbọ̀n.

Ní aago márùn-ún lójoojúmọ́ mo ń fi rédíò kékeré nìkan pè yín, ogójì wáàtì. Mi ò rò pé ó ń dé.

Kí omi òkun rọra gbé ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Kí ilẹ̀ ibẹ̀ má gbàgbé pé a kàn fi yín yá a ni. Kí ojú Màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là yìí rí yín lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ni àbúrò yín obìnrin, tó mọ̀ tó sì dákẹ́.

Mo tún ṣí ìwé yìí lẹ́yìn tí mo ti lẹ̀ ẹ́ pa: mo ti lọ jẹ́wọ́ fún Bàbá Kékeré. Mo rò pé wọ́n á gbá mi létí. Wọ́n kàn gbé irinṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n ní, "Èmi ò wo mítà lọ́jọ́ yẹn. Ojú rẹ ni mò ń wò. Mo ní bó bá fẹ́ jóná, ìwọ á sọ."