Ọ̀já Àyà Tí Mo Bẹ̀rù Láti Fọ̀

Ìkirè,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Alaásárì.

Raliat ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Èkó, mo kí ọ kú àtìrìn àtìwá. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ọkọ rẹ ń sùn dáadáa, àbí ó ṣì ń han-an-run bí ẹ̀rọ ìlọta? Ọlọ́run tó jí wa lónìí kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ ọ ní àárín ọ̀nà. Aburú tó bá ń wá ilé rẹ kiri, odi ni yóò bá pàdé níbi tó ti fẹ́ béèrè ọ̀nà. Àmín. Àwa náà wà láàyè níbí. Ó kéré tán, ìyá rẹ wà láàyè. Tèmi ló gba àlàyé díẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ. Fóònù wà, ṣùgbọ́n tí mo bá ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, ṣe ni ìyá rẹ máa ń na etí bí ewúrẹ́ tó gbọ́ ìró àgbàdo, ọ̀rọ̀ yìí ò sì ṣe é sọ níwájú ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, Raliat. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, má kà á sétígbọ̀ọ́ ẹnikẹ́ni.

Ilé dára. Òjò ti ń rọ̀, kòkó ti ń yọ ọmọ, ewúrẹ́ rẹ ti bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn jọ ẹ̀gbọ́n mi Akínbíyì níwájú orí, mo sì ti sọ fún un. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Ìyá rẹ ṣì ń din dòdò lẹ́bàá títì, àwọn awakọ̀ ṣì ń dúró rà á, òun náà ṣì ń ṣépè fún àwọn tó tọ́ ọ wò tí wọn ò rà.

Ẹrù tí o fi rán awakọ̀ dé láìfarapa. Nígbà tí mo tú u, mo bá ọ̀já dúdú kan níbẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì ńlá tó so mọ́ ọn, àti aago ọwọ́. Ìyá rẹ wò ó títí, ó ní Bàbá Raliat, ta lẹ fẹ́ fi ọ̀já yìí pọ̀n? Mo ní òun ni, kó gùn mí lẹ́yìn ká máa lọ. Ó ní kí n lọ jókòó síbì kan.

Èmi náà mọ ìdí tí o fi rà á. Láti oṣù ààwẹ̀ tí òòyì ti gbé mi ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, tí dókítà sọ pé ọkàn mi ti ń rẹ̀, o ní kí n fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, mo ní kí o kọ́kọ́ fi ọkọ rẹ sílẹ̀ ná. Ibi tá a parí ìjà sí ni ọ̀já yìí: kí n máa gun kẹ̀kẹ́ mi, kí aago máa ṣọ́ mi. O ní kí n fi omi rin ọ̀já náà níbi tó ti kan awọ kí n tó so ó. O ní tí mo bá dé, kí n tú bọ́tìnnì ara ẹ̀, kí n fi omi tó mọ́ ṣan ọ̀já, kí n sá a síbòòji, kí oòrùn má pa á. O ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí nọ́ńbà ojú aago kọjá àádọ́fà. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Èyí tó wù mí nínú ẹ̀ ni mo ṣe.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo fi omi rin ín lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni ń ṣe àlùwàlá, mo ní Bísímílà, mo so ó mọ́ àyà. Aago tanná, ó kọ méje, ó kọ ení tẹ̀lé e. Mọ́kànléláàádọ́rin! Raliat, mo nu ojú aago náà, mo tún un wò. O mọ̀ pé kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí mi sílẹ̀. Ìyá mi ní ọdún tí eéṣú jẹ àgbàdo ni. Akínbíyì ní irọ́ ni, ó ní ọdún tí wọ́n da ọ̀dà sí títì ni, torí ó fẹ́ kí n kéré gan-an kó lè máa rán mi níṣẹ́ lọ. Nílé ìwé, wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ gba àárín orí kí n fi kan etí òdìkejì, ọwọ́ mi gùn, wọ́n bá kọ ọdún méje fún mi. Àmọ́ nínú ìṣirò tèmi fúnra mi, mọ́kànléláàádọ́rin náà ni mo wà, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnì kan rí. Aago tí kò bí mi, tí kò mọ ìyá mi, ó kàn mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Mo ní èyí kì í ṣe aago lásán.

Ní ọjọ́ kejì mo gun kẹ̀kẹ́ sọ́nà Àpòmù. Kí n tó dé ìsàlẹ̀ òkè, aago ti sọ pé márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Mo gun òkè dé ìdajì, ọgọ́fà. Nígbà tí mo fi máa dé orí ẹ̀, tí mo ń mí bí ajá ọdẹ, ó ti di méjìdínlógóje. Ó wá yé mi kedere. Tí mo bá jókòó, iye ọdún tí mo ti lò ló ń sọ. Tí mo bá ṣiṣẹ́, ó ń fi iye tí wọ́n fi lé e fún mi hàn. Mo rẹ́rìn-ín lórí òkè náà títí tí ọlọ́kadà kan fi dúró wò mí.

Mo bá sọ̀kalẹ̀ kí n fi sinmi díẹ̀. Ọmọ mi, kí n tó nu ojú tán, ó ti di àádóje. Ó di àádọ́fà. Ó di àádọ́rùn-ún. Ọdún tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi ṣiṣẹ́ fún ni atẹ́gùn ń gbé lọ lójú mi! Mo fò gun kẹ̀kẹ́ padà bí ẹni tí oyin lé.

Láti ọjọ́ yẹn, n kò mọ ìsinmi mọ́. Àárọ̀ Àpòmù, ọ̀sán Àpòmù. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan mo jókòó ní mọ́sálásí, àlùfáà ń ṣe wáàsí, mo yọ́ ojú wo aago, ó ní mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ó ti wọnú ọdún tí mo ti lò, ó ti jẹ méje níbẹ̀! Mo dìde láàárín wáàsí, mo sáré jáde, mo gun kẹ̀kẹ́ yí mọ́sálásí ká ní ìgbà mẹ́fà. Àlùfáà rò pé wáàsí òun ló gún mi lọ́kàn, ó sì gbàdúrà fún mi. Ìwọ ńkọ́, tí o ní kí n má kọjá àádọ́fà? Mo ní háà, Raliat tí mo gbé léjìká lọ sílé ìwé, òun ló wá ń ká ọdún mọ́ mi lẹ́sẹ̀! Ṣé oko kòkó mi ló fẹ́ tètè jogún ni? Má bínú. Èṣù ló sọ ọ́ sí mi nínú.

Nípa ti fífọ̀, mo jẹ́wọ́, n kò fọ̀ ọ́. Ta ni yóò da omi sí ohun tí ọdún òun wà lára ẹ̀? Bí mo bá ti dé, mo ń ká ọ̀já náà tòun ti òógùn, mo ń fi sínú agolo mílíìkì, mo ń dé e, mo ń tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ ní eku kú sínú yàrá. Ó kó gbogbo ẹrù síta, ó fi ọjọ́ méjì wá eku náà. Mo bá a wá a.

Ó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo di ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo ń bọ̀ wá gun òkè yẹn. Kí n má purọ́ fún ọ, ojú mi ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀, àyà mi sì ń já gìrìgìrì, ṣùgbọ́n mo ní n kò ní fi ọdún sílẹ̀ fún òòyì. Aago ní mẹ́rìndínláàádóje. Mo tún tẹ pẹ́dà. Ó ní mọ́kànlélógójì. Mo nu ojú ẹ̀. Kò sí nọ́ńbà mọ́ rárá, ìlà kékeré méjì péré ló kù níbẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, bí ẹni dùbúlẹ̀.

Raliat, mo mọ̀ pé ó ti tán. Mo rọra gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi kan, mo kọjú sí ìlà-oòrùn, mo ka Kálímà, mo sì ń retí ẹni tí yóò wá mú mi. Mo ro ìyá rẹ. Mo ro ọ. Mo ro ẹ̀wà tí mo jẹ kù sílé, pé Akínbíyì ni yóò jẹ ẹ́. Ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí. Níbẹ̀ ni èèrà ti jẹ mí ní ọrùn ẹsẹ̀, mo sì họ ọ́. Mo ní ṣé òkú máa ń họ ara ni? Mo rọra dìde, mo ń ti kẹ̀kẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Boaz.

Boaz ló ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́nu ọ̀nà Àpòmù, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni, èmi ni mo ń pè é ní Wòlíì kó lè máa bínú. Mo bi í pé ṣé ó ń rí mi. Ó ní òun ń rí mi. Mo ní ṣé kì í ṣe ojú ìran ló fi ń rí mi. Ó ní háà, Bàbá Onídòdò, òun ti gbọ́ òórùn yín kí òun tó rí yín.

Mo na aago sí i. Ó ní òun ti rí irú ẹ̀ lọ́wọ́ oníkẹ̀kẹ́ eré ìje kan rí, ó ní kí n bọ́ aṣọ. Iyọ̀ òógùn ti funfun lára ọ̀já náà bí ẹja gbígbẹ. Ó ní ṣé mo rí i bí òun ṣe máa ń ha ara túùbù kí òun tó lẹ̀ ẹ́? Ó ní ìdọ̀tí kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbá túùbù mú, bẹ́ẹ̀ náà ni iyọ̀ yìí ò ṣe jẹ́ kí ọ̀já gbúròó ọkàn mi mọ́. Ó bu omi tó mọ́. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má fọ ọdún mi dànù. Ó béèrè pé ọdún wo. Mo wá ṣàlàyé fún un, mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ké sí ìyàwó ẹ̀, Fúnmilọ́lá, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì.

Fúnmilọ́lá fi ìka méjì kan ọrùn ọwọ́ mi, ó ń kà. Nígbà tí Boaz so ọ̀já tó ti fọ̀ mọ́ mi padà, iye tí ìyàwó ẹ̀ kà náà ni aago kọ. Ó ní Bàbá, iye ìgbà tí ọkàn yín ń lù ní ìṣẹ́jú kan nìyí, kò sí ọdún kankan níbẹ̀. Ó wá béèrè iye tí mo ń gbé e dé. Mo ní méjìdínlógóje ni, lójoojúmọ́, mo sì ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó rọra fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. Mo ti rí nọ́ọ̀sì tó ń jágbe, ìyẹn ò bà mí lẹ́rù rí. Èyí tó rọra di mí lọ́wọ́ mú yìí ni ìbẹ̀rù ẹ̀ kò tíì kúrò lára mi. Ó ní ṣéènì tó ti gbó ni mo fi ń wọ́ ẹrù gun òkè láràárọ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí kò jẹ́ kó já. Ọ̀nà tí mo rò pé mo ń gbà sá fún ikú, àṣé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀ gan-an ni mo ń gun kẹ̀kẹ́ lọ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́.

Ní báyìí, tí aago bá ti fẹ́ dé àádọ́fà, mo ń sọ̀kalẹ̀, mo ń ti kẹ̀kẹ́. Mo ń tú bọ́tìnnì kúrò bí mo bá ti dé, torí Fúnmilọ́lá ní tó bá wà lára ọ̀já tútù, yóò rò pé èèyàn ṣì wà níbẹ̀, yóò máa jẹ bátìrì lásán. Mo ń ṣan ọ̀já náà, mo sì ń sá a sẹ́yìn ilé níbi tí oòrùn àti iná dòdò kò lè dé. Ìyá rẹ rí i níbẹ̀, ó gbóòórùn ẹ̀, ó wò mí lójú, ó ní eku náà ti jí dìde. Ìyẹn nìkan ló mọ̀. Má fi kún un.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Fi owó bátìrì ránṣẹ́, àti ti táyà ẹ̀yìn, nítorí òkè Àpòmù ti jẹ ẹ́ tán. Nọ́ọ̀sì ní kí n lọ rí dókítà ọkàn ní Ifẹ̀, ìyẹn náà gba owó, ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́. Mi ò fẹ́ dá lọ. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ ohun kan fún mi níbẹ̀, mo fẹ́ kí o jókòó tì mí. O lè sọ fún ìyá rẹ pé ewúrẹ́ lo wá wò.

Ó ku ọ̀kan. Lọ́jọ́ Àìkú, mo jókòó jẹ́jẹ́ lórí àga, aago ní mẹ́rìndínláàádọ́rin. Fóònù dún, ìyá rẹ ní Raliat ni. Mo wo ọwọ́ mi, mọ́kànléláàádọ́rùn-ún! Mo bi Fúnmilọ́lá bóyá ìyẹn náà léwu. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò léwu. Mo ti gbà pé kì í ṣe ọdún ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Síbẹ̀, má jẹ́ kó pẹ́ kí o tó tún pè.

Ọlọ́run yóò dá ọ sí fún wa, yóò dá àwa náà sí fún ọ. Ọmọ tí o bá bí yóò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ́ ilé lójú ọ̀nà tó o bá ń bọ̀. Àmín, láṣẹ Ọlọ́run.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àbídì, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin (Akínbíyì kò gbọdọ̀ gbọ́).

Mo so ọ̀já náà mọ́ àyà kọ lẹ́tà yìí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, méjìdínláàádọ́rin ni. Níbi tí mo ti kọ ọ́ pé kí o wá jókòó tì mí yẹn, ó ti di mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, kẹ̀kẹ́ mi sì fara ti ògiri lọ́hùn-ún, n kò fọwọ́ kàn án.